Iṣan Wo Ni Wọ́n Ń Wí?

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo mú wá lónìí, ọ̀rọ̀ náà sì ni iṣan. Kò sí ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá tí kò mọ̀ ọ́n. Bí orúnkún bá ń ro àgbàlagbà, yóò ní iṣan ni ó ń dun òun. Bí nọ́ọ̀sì bá ń wá ibi tí yóò gún abẹ́rẹ́ sí ní apá, iṣan ni ó ń wá. Bí ọwọ́ ẹnì kan bá rọ tí kò lè gbé nǹkan mọ́, wọn a ní iṣan rẹ̀ ti kú. Ohun tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, iṣan ni. Ohun tí ó ń gbé ìmọ̀lára láti ọmọ ìka ẹsẹ̀ dé ọpọlọ, iṣan ni. Ohun tí ó so ẹran ara mọ́ egungun, iṣan náà ni. Fún ìlò ojoojúmọ́, ọ̀rọ̀ yìí tó wa, nítorí pé ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ a máa mọ èyí tí a ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2021 ni èmi ti ń bá a wọ̀yá ìjà, nítorí pé àìsàn kan wọ ilé wa tí kò ṣe é ṣàlàyé fún ìyá mi láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ ya iṣan kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì.

Àbúrò mi obìnrin, tí màmá ń pè ní Àbẹ̀kẹ́, ń gbé ní Ìlú Ọba. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú ọdún náà, ó jí, ojú òsì rẹ̀ sì ń ro ó nígbàkúùgbà tí ó bá yí i sí ẹ̀gbẹ́. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kẹta, ó dà bí ẹni pé èéfín bo ojú náà. Ó fi ọwọ́ bo ojú ọ̀tún, ó wo ìdérí ìkòkò pupa kan nínú ilé ìdáná rẹ̀, ó sì rí i pé pupa náà ti ṣá bí aṣọ tí a sá sóòrùn tí a gbàgbé. Àwọn oníṣègùn sọ fún un pé iṣan tí ó so ojú mọ́ ọpọlọ ni ó wú. Wọ́n ya àwòrán ọpọlọ rẹ̀, wọ́n rí àpá níbẹ̀. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ni wọ́n sọ orúkọ àìsàn náà fún un: multiple sclerosis, èyí tí wọ́n ń gé kúrú sí MS.

Nígbà tí ó sọ fún màmá lórí fóònù pé wọ́n ní iṣan ojú òun ni kò dára, màmá dákẹ́ díẹ̀, wọ́n sì ní àwọn mọ̀ ọ́n. Ó ti lé ní ogún ọdún tí màmá ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Oníṣègùn ojú kan ti fi iná wo inú ojú wọn rí, ó sì sọ fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ ríru ti mú kí iṣan inú rẹ̀ fún. Nítorí náà, iṣan ojú ọmọ di iṣan ojú ìyá. Màmá pàṣẹ pé kí Àbẹ̀kẹ́ jáwọ́ nínú iyọ̀. Wọ́n ka oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tiwọn, wọ́n pín in sí méjì, wọ́n sì fi ìdajì rán ẹnì kan tí ó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Àbúrò mi pè mí ní alẹ́ ọjọ́ tí ó gbà á. “Ẹ̀gbọ́n mi,” ó ní, “ṣé kí n lò ó kí ọkàn màmá lè balẹ̀ ni?” Mo ní kí ó má fi kan ẹnu. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ru. Bí oògùn náà bá tún fà á wálẹ̀, òòyì lè gbé e ṣubú, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò lágbára tó bí ti tẹ́lẹ̀. Mo ní kí ó dúpẹ́ lọ́wọ́ màmá, kí ó tọ́jú oògùn náà pamọ́, kí ó sì fi àlàyé yòókù sílẹ̀ fún mi.

Àlàyé yòókù náà ni ó sọ mí di akẹ́kọ̀ọ́ padà. Ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ni mo fi gba oyè ọ̀mọ̀wé, n kì í ṣe oníṣègùn, nítorí náà orúkọ àìsàn náà ni mo kọ́kọ́ tú wò. Jean-Martin Charcot, oníṣègùn ilé ìwòsàn Salpêtrière ní Paris, ni ó ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1868 tí ó fi dá dúró gẹ́gẹ́ bí àìsàn kan. Ohun tí ó pè é ní èdè Faransé túmọ̀ sí líle tí ó wà ní abala-abala. Inú ọpọlọ àti inú ọ̀pá ẹ̀yìn àwọn tí ó ti kú ni ó ti rí àwọn abala náà, tí ó le tí ó sì dà bí ojú àpá. Ẹ kíyè sí i pé àpá ni orúkọ náà ń ròyìn. Kò sọ ohun tí ó dá àpá náà sí ibẹ̀.

Ohun tí ó dá a ni àwọn ẹ̀ṣọ́ ara fúnra wọn, àwọn tí ó yẹ kí wọ́n máa gbógun ti kòkòrò àrùn. Ọ̀rá kan wà tí ó wé mọ́ àwọn iṣan tí ń gbé ìmọ̀lára, bí rọ́bà ti wé mọ́ wáyà iná. Máyẹ́líìnì ni wọ́n ń pè é. Nínú MS, àwọn ẹ̀ṣọ́ ara a máa kọjú ìjà sí ọ̀rá yìí. Níbi tí ó bá ti bó, iṣẹ́ tí ọpọlọ rán lè falẹ̀, ó sì lè má dé rárá, ìdí nìyí tí ojú fi lè ṣú lónìí tí ẹsẹ̀ yóò sì kú tìpìrì ní ọdún tí ń bọ̀. Ní 2022, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà gbé èsì jáde láti inú àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ ogun tí ó ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ. Wọ́n rí i pé lẹ́yìn tí kòkòrò fáírọ́ọ̀sì tí à ń pè ní Epstein-Barr bá wọ ara ènìyàn, ewu MS a máa pọ̀ sí i ní ìlọ́po 32. Síbẹ̀, fáírọ́ọ̀sì yìí wà lára èyí tí ó pọ̀ jù nínú gbogbo àgbàlagbà ayé, àwọn tí ó sì ní MS nínú wọn kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù 2.9 lọ gẹ́gẹ́ bí ìṣirò 2023. Mo sọ èyí fún màmá nítorí pé aládùúgbò kan ti ń sọ fún wọn pé iṣẹ́ ọwọ́ ayé ni. Màmá gbọ́, wọn kò sì jiyàn. Ìbéèrè kan ni wọ́n bi mí: “Àkànní, ṣé ojú ọmọ mi máa fọ́ ni?”

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ẹyinjú gan-an nìyí. Nínú gbogbo ara ènìyàn, ẹ̀yìn inú ẹyinjú wà lára àwọn ibi díẹ̀ tí ènìyàn ti lè rí iṣan ẹ̀jẹ̀ níbi tí ó ti ń ṣiṣẹ́, láìfi abẹ kan ara. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tẹ́ ibẹ̀, rẹ́tínà ni orúkọ rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, kò nípọn ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin mìlímítà lọ. Òun ni ó ń gba ìmọ́lẹ̀, òun náà sì jẹ́ apá kan ọpọlọ tí ó yọ jáde síta láti ìgbà tí ọmọ ti wà nínú oyún. Hermann von Helmholtz ní Jámánì ni ó gbé irinṣẹ́ tí a fi ń wo ibẹ̀ síta ní 1851. Ọmọlójú ni ìmọ́lẹ̀ irinṣẹ́ náà ń gbà wọlé. (Ó máa ń dùn mọ́ mi pé àwọn ará Róòmù àtijọ́ náà fi ọmọ pe ibẹ̀: ọmọdébìnrin kékeré ni ọ̀rọ̀ wọn túmọ̀ sí. Ẹni tí ó bá wo ojú ẹlòmíràn dáadáa yóò rí ènìyàn kékeré kan tí ń wò ó padà, kò sì pọn dandan kí Yorùbá yá a lọ́wọ́ ará Róòmù.)

Ní 1944, Wilbur Rucker, oníṣègùn ojú ní Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa ohun kan tí ó rí nínú ojú àwọn tí ó ní MS. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kan nínú rẹ́tínà, ó rí ohun funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wé mọ́ wọn bí àkọ̀ ti í wé mọ́ idà. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ara ni ó kó ara wọn jọ síbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo iṣan ẹ̀jẹ̀ ni ó rí i lára wọn. Àwọn tí ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sínú ọkàn ni, kì í ṣe àwọn tí ń gbé e bọ̀ láti inú ọkàn. Kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tí ó ní MS ni ó ní in. Ikọ́ ẹ̀gbẹ lè fa irú rẹ̀, àwọn àìsàn mìíràn náà sì lè fà á, nítorí náà kò sí oníṣègùn tí yóò rí i lásán tí yóò ní MS ni.

Èmi kò ka ohun funfun yẹn sí nǹkan bàbàrà nígbà tí mo kọ́kọ́ kà nípa rẹ̀. Ohun tí ó jí mi ni pé kò sí máyẹ́líìnì nínú rẹ́tínà. Ọ̀rá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn kì í bẹ̀rẹ̀ sí í wé mọ́ iṣan ìríran títí yóò fi jáde kúrò lẹ́yìn ẹyinjú. Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rá náà nìkan ni àwọn ẹ̀ṣọ́ ara ń bá jà, kí ni wọ́n wá ń ṣe ní ibi tí kò ti sí ọ̀rá? James Dawson ti rí i ní Edinburgh ní 1916 pé àyíká àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké ni àpá inú ọpọlọ máa ń wà. Ẹnì kan lè dáhùn pé bíbó ọ̀rá ni ó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, tí iṣan ẹ̀jẹ̀ sì wú tẹ̀lé e. Rẹ́tínà kò jẹ́ kí ìdáhùn yẹn dúró. Ní 1987, àwọn oníṣègùn ní Lọ́ńdọ̀nù kọ̀wé lórí ènìyàn 50 tí iṣan ìríran wọn wú, bíi ti àbúrò mi. Àwọn tí iṣan ẹ̀jẹ̀ inú rẹ́tínà wọn tàbí omi inú ẹyinjú wọn ti fi àmì wíwú hàn ni MS wá pọ̀ jù láàárín wọn nígbà tí ó yá. A jẹ́ pé ìjà náà lè bẹ̀rẹ̀ láti ara ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀, níbi tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ti ń yọ́ jáde.

Ní 2023, ìpàdé àwọn onímọ̀ èdè gbé mi dé Ìlú Ọba, mo sì bá Àbẹ̀kẹ́ lọ síbi tí ó ti ń kópa nínú ìwádìí kan. Ó gbé àgbọ̀n lé orí ẹ̀rọ, ó tẹjú mọ́ iná aláwọ̀ búlúù kékeré kan, kí n tó mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ wọ́n ti parí. Ní ayé àtijọ́, kì í rọrùn báyẹn. Láti 1961, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn méjì ní Indiana, Novotny àti Alvis, gbé ọgbọ́n náà jáde, aró kan tí ń tàn yòò ni wọ́n máa ń gún sínú iṣan apá, tí wọn yóò sì máa ya àwòrán rẹ̀ bí ó ti ń gba inú ojú kọjá. Bí ògiri iṣan bá ti bàjẹ́, aró náà yóò jò síta, wọn yóò sì rí i. Ọgbọ́n yẹn ṣì wúlò. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi wo Àbẹ̀kẹ́ kò lo aró. Ìmọ́lẹ̀ ni ó ń rán sínú rẹ́tínà, tí ó sì ń ka bí ó ti ń padà bọ̀ láti ìpele kan dé òmíràn. Àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà ni ó kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde ní 1991. Èyí tí ó ń fi iṣan ẹ̀jẹ̀ hàn dé lẹ́yìn ìyẹn. Yóò wo ojú kan náà léraléra láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ohun tí kò bá yí padà jẹ́ ara. Ohun tí ó bá yí padà jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tí ń sáré. Kọ̀ǹpútà yóò kó gbogbo ibi tí nǹkan ti yí padà jọ, yóò sì fi wọ́n ya àwòrán.

Mo rí àwòrán ojú méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni, funfun lórí dúdú, wọ́n hun mọ́ ara wọn, wọ́n fi ojú kékeré kan sílẹ̀ ní àárín, ibi tí ojú ti ń ríran jù, tí kì í ní iṣan ẹ̀jẹ̀ kankan. Ti ojú ọ̀tún kún. Ti ojú òsì, èyí tí ó ṣú ní 2021, ní àlàfo. Kò já, kò sì ya, ṣùgbọ́n dúdú ti pọ̀ láàárín àwọn funfun. Àbẹ̀kẹ́ fi fóònù ya àwòrán náà, ó sì fi ránṣẹ́ sí màmá ní Ìbàdàn lójú ẹsẹ̀.

Màmá ta aṣọ ní Gbági fún ọdún pípẹ́. Kí n tó lè bẹ̀rẹ̀ àlàyé, wọ́n ní: “Aṣọ kan náà ni méjèèjì. Èyí ti fẹ́lẹ́. Òwú rẹ̀ kò pé mọ́.” Mo rẹ́rìn-ín. Ohun tí àwọn olùwádìí ń kọ sínú ìwé wọn láti nǹkan bí 2014 nìyẹn: pé iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké tí ó wà ní ìpele òkè rẹ́tínà a máa dínkù lára àwọn tí ó ní MS, pàápàá nínú ojú tí iṣan ìríran rẹ̀ ti wú rí, àti pé bí wọ́n bá ti dínkù tó ni ojú ṣe máa ń ṣòro tó láti ka lẹ́tà tí àwọ̀ rẹ̀ kò hàn ketekete.

Àmọ́ ìdí tí òwú fi dínkù ni wọ́n ṣì ń jiyàn lé lórí. Àwọn kan ní nígbà tí ìpalára bá pa àwọn fọ́nrán iṣan ìríran tí ń gbé ìròyìn jáde láti inú rẹ́tínà, ara kò ní ìdí láti máa gbé ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ lọ síbẹ̀ mọ́. Ọjà tí ó tú, ta ni yóò gbé ẹrù lọ síbẹ̀? Àwọn mìíràn ní ó ṣeé ṣe kí ẹ̀jẹ̀ kọ́kọ́ dínkù, kí ebi sì pa àwọn fọ́nrán náà kú. Èyí àkọ́kọ́ ni ó tẹ̀wọ̀n jù lọ́wọ́ mi, nítorí pé ìpele tí àwọn fọ́nrán ti kú ni iṣan ẹ̀jẹ̀ ti dínkù jù, tí ìpele ìsàlẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ṣùgbọ́n ohun funfun ara iṣan tí Rucker rí kò jẹ́ kí n fi gbogbo ẹnu sọ ọ́.

Ohun tí mo wá sọ fún màmá ni pé ojú òsì Àbẹ̀kẹ́ kò fọ́. Ó ti padà ríran, bí ojú ọ̀pọ̀ ẹni tí irú rẹ̀ ṣe ti í padà ríran láàárín ọ̀sẹ̀ sí oṣù díẹ̀. Pupa nìkan ni kò tíì pọ́n tán lójú rẹ̀. Iye òwú tí ó kù lórí àwòrán kò lè sọ ohun tí ọ̀la yóò mú wá, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ ọ̀nà láti fi mọ̀ bóyá nǹkan dúró ní ojú kan láti ọdún dé ọdún. Oògùn tí wọ́n ń fà sí i lára ní ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́fà-mẹ́fà ń dá àwọn ẹ̀ṣọ́ ara dúró, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó wà fún. Màmá ní kí n tún èyí tí ó kẹ́yìn sọ. Mo tún un sọ.

Fún ìyẹn ni mo ṣe nílò ọ̀rọ̀. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bamgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 ràn wá lọ́wọ́ gan-an, ṣùgbọ́n iṣẹ́ olùkọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Mo pe iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti inú ọkàn wá ní iṣan àlọ, èyí tí ń dá a padà ni iṣan àbọ̀. Èmi kọ́ ni mo dá wọn sílẹ̀. Àwọn tí ń kọ́ ọmọ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Yorùbá ti ń lo àlọ àti àbọ̀ báyìí. Èyí tí ń gbé ìròyìn ni iṣan ìmọ̀lára, èyí tí ó sì wà lẹ́yìn ojú ni iṣan ìríran. Pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí ni màmá fi gbà pé ìṣòro tiwọn àti ti ọmọ wọn yàtọ̀: ẹ̀jẹ̀ ríru fún iṣan àlọ nínú ojú tiwọn, nínú MS, iṣan àbọ̀ ni ohun funfun ń wé mọ́, iṣan ìríran ni ó sì ń wú. Àlọ ti ahun, àbọ̀ ti àna rẹ̀, ni màmá fi dá mi lóhùn.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan gbọ́ ìtàn yìí, ó sì fi ìdùnnú sọ pé a jẹ́ pé àwọn baba wa ti mọ̀ pé iṣan ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ìmọ̀lára ní nǹkan ṣe pọ̀, ni wọ́n ṣe fún wọn ní orúkọ kan. Rárá o. Orúkọ kan ni wọ́n jẹ́ nítorí pé lójú ẹni tí ń kun ẹran, fọ́nrán gígùn ni gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí àwọn Òyìnbó ti mú orúkọ iṣan ìmọ̀lára náà túmọ̀ sí okùn ẹran tẹ́lẹ̀ rí. A kò gbọ́dọ̀ máa fi àsọdùn gbé èdè wa ga. Ó ga tó láìsí i.

Màmá tún béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní Ìbàdàn ní irú àìsàn yìí rí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oluwakayode Osuntokun, onímọ̀ nípa àìsàn ọpọlọ ní Yunifásítì Ìbàdàn, wá a láàárín àwọn aláìsàn ní nǹkan bí ọdún 1960 sí 1970, ó sì rí i pé ó ṣọ̀wọ́n púpọ̀. Àìsàn iṣan ìmọ̀lára mìíràn tí ń ba ojú jẹ́, tí ń mú ẹsẹ̀ ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ni ó rí láàárín àwọn tí ó gbára lé ẹ̀gẹ́ jíjẹ, ó sì kọ̀wé lé e lórí ní 1968. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìyẹn sọ pé àìsàn Òyìnbó ni MS. Lára àwọn ènìyàn dúdú ní Amẹ́ríkà, kò ṣọ̀wọ́n rárá, rẹ́tínà wọn sì máa ń tètè fẹ́lẹ́ ju ti àwọn aláwọ̀ funfun tí ó ní àìsàn kan náà lọ.

Títí di àìpẹ́ yìí, àwọn tí ń ṣe òfin bí a ó ti mọ MS kì í ka iṣan ìríran mọ́ àwọn ibi tí wọ́n ń wò láti fi dá a mọ̀. Nínú àtúnṣe 2024, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2025, wọ́n ti kà á gẹ́gẹ́ bí ibi karùn-ún, wọ́n sì tún gbà pé kí a máa wò ó bóyá iṣan àbọ̀ kan gba àárín àpá inú ọpọlọ kọjá. Mo ka ìròyìn náà fún màmá ní Yorùbá láìlo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan. Ọ̀rọ̀ kan ṣì ṣẹ́ kù tí n kò rí: èyí tí ó kéré jù nínú iṣan ẹ̀jẹ̀, tí kì í ṣe àlọ tí kì í sì í ṣe àbọ̀, tí àwọn méjèèjì ti ń pàdé. Òwú ni màmá ń pè é. Bí wọ́n bá ní orúkọ fún un ní àdúgbò yín, yálà iṣan ni ẹ ń wí níbẹ̀ tàbí iṣọ̀n, mo fẹ́ gbọ́ ọ.